Bí a ṣe ń ṣáájì bátìrì olómi kó kún dé ojú àmì, àti bí a ṣe ń equalize ẹ̀ láì fara pa

Iná gíríìnì tó máa ń tàn lára ṣájà yẹn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o. Ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a bá ti rí i pé ẹ̀rọ kọ 100% sójú, ọkàn wa ti balẹ̀ nìyẹn, a ó máa lo bátìrì lọ bẹ́ẹ̀, ìgbà tó bá yá iná tó máa ń gbé wa di àárọ̀ ò ní lè kọjá ààjìn mọ́, a ó wá máa bú ẹni tó tà á fún wa. Àmọ́ tí ẹ bá ṣí ìdérí bátìrì yẹn kí ẹ wọn ásíìdì inú ẹ̀, ẹ ó rí i pé kò kún rí, ó kàn máa ń sún mọ́ kíkún ni, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù lójoojúmọ́. Díẹ̀ tó ń ṣẹ́kù yẹn ló ń pa á.

Bátìrì tí mò ń sọ níbí ni bátìrì olómi, èyí tó ní ìdérí lórí tí a fi ń bu omi sí i, ì báà jẹ́ èyí tó ní pléètì pẹlẹbẹ tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní tubular. Àwọn tí wọ́n dì pa, AGM àti gel, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí dry cell, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ equalize, ìyẹn kí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣáájì bátìrì kọjá kíkún, dé ọ̀dọ̀ wọn rárá, àfi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé kí ẹ ṣe é, torí omi tó bá hó jáde nínú ìyẹn ti lọ nìyẹn, kò síbi tí ẹ fẹ́ gbà bu òmíràn sí i. Lithium ńkọ́? Kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má dán an wò.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ ná. Bátìrì 12V, sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi 2V wá. Pléètì òjé ló wà nínú wọn, ásíìdì sulfuric tí wọ́n ti pò mọ́ omi ló bo àwọn pléètì yẹn mọ́lẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 1859, èyí tó ṣe nígbà yẹn àti èyí tó wà nílé yín lónìí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Tí ẹ bá ń lo iná, sulfate inú ásíìdì á máa lọ lẹ̀ mọ́ pléètì méjèèjì, ásíìdì á wá máa fẹ́lẹ́ bí omi. Tí ẹ bá ń ṣáájì, sulfate á tú kúrò lára pléètì, á padà sínú ásíìdì, ásíìdì á tún le. Ìyẹn ni pé bí ásíìdì bá ṣe wúwo tó ni bátìrì ṣe kún tó, ẹ fi èyí sọ́kàn torí a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí sulfate ò bá tú tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù sára pléètì, tó bá ti pẹ́, á gan, á le koko, ṣáájì ojoojúmọ́ ò ní lè tú u mọ́, ibi tó bá sì bò lára pléètì ò wúlò mọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ásíìdì wúwo ju omi lọ, tí bátìrì bá kàn jókòó jẹ́ẹ́ tí kò hó rí, èyí tó le á rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ á wà lókè, ọ̀tọ̀ ni ohun tó máa ṣe ìsàlẹ̀ pléètì, ọ̀tọ̀ ni ti òkè. Èyí tó wá burú jù nínú báńkì bátìrì tí a so pọ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kì í rí bákan náà. Ọ̀kan máa ń lọ́ra ju àwọn yòókù lọ. Ṣájà ò sì mọ èyí tó lọ́ra, àròpọ̀ voltage (agbára tó ń ti iná) gbogbo wọn ló ń wò, tí àwọn tó lágbára bá ti kún tí wọ́n ti gbé àròpọ̀ yẹn dé ibi tó ń retí, á gbà pé iṣẹ́ ti parí, á dín iná kù, ọlọ́ra yẹn á sì sùn láì kún. Ọ̀la á tún rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀tunla á burú sí i.

Ohun tí equalize ń ṣe ni pé a ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣáájì bátìrì kọjá ibi tó ti yẹ kó dúró, pẹ̀lú amp (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) kékeré, kí ọlọ́ra lè bá ẹgbẹ́ ẹ̀, àwọn tó ti kún tẹ́lẹ̀ á kàn máa hó omi wọn dànù ni, híhó yẹn náà á sì po ásíìdì ìsàlẹ̀ mọ́ tòkè. Àmọ́ òògùn ni o, kì í ṣe oúnjẹ. Mo rí àwọn tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni bátìrì wọn ń ṣáájì dé ìdajì ọ̀nà, tí wọ́n wá ń fi equalize lẹ́ẹ̀kan lóṣù tún ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe. Kò lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ṣáájì.

Ṣájà tó dáa, ìpele mẹ́ta ló fi ń ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni bulk, á máa rọ gbogbo amp tó bá ní sínú bátìrì, voltage á máa gùn díẹ̀díẹ̀. Tó bá dé nọ́ńbà kan, tó máa ń wà láàárín 14.4V sí 14.8V fún bátìrì olómi 12V, á dúró síbẹ̀, ìyẹn ni absorption, voltage ò ní kúrò lójú kan mọ́, amp lá máa já wálẹ̀. Ìparí ni float, nǹkan bíi 13.5V, ìyẹn kàn ń dì í mú kó má wálẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ báńkì 24V ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di ìlọ́po méjì, 48V ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ bátìrì yín bá kọ sínú ìwé ẹ̀ ló lágbára ju tèmi lọ o, wọn kì í bára wọn mu tán.

Ibi tí a ti ń pàdánù ni absorption yẹn. Bulk máa ń gbé bátìrì dé nǹkan bíi 80%, ó sì máa ń yá. 20% tó kù, absorption ló ń gbé e wọlé, ìyẹn sì máa ń lọ́ra, wákàtí méjì sí mẹ́rin, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò sì lè fi amp púpọ̀ lé e sáré, torí bí pléètì bá ṣe ń kún ni ohun tó lè gbà ń dínkù. Ọ̀pọ̀ ṣájà àti kọ́ńtírólà sólà (ẹ̀rọ tó ń darí iná sólà wọ bátìrì) ló jẹ́ aago ni wọ́n ń wò, tí wákàtí tí wọ́n ṣètò fún un bá ti pé, ó di float, gíríìnì tàn, bóyá bátìrì kún bóyá kò kún. Torí náà amp ni kí ẹ wò. Ká ní bátìrì yín jẹ́ 200Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́), voltage ti dúró ní 14.6V, amp tó ń wọ bátìrì ṣì jẹ́ 12A: kò tíì kún, ohun yòówù kí ojú ẹ̀rọ máa sọ. Tó bá já wálẹ̀ dé 4A sí 2A, ìyẹn 2% sí 1% Ah bátìrì, tó wá dúró síbẹ̀ tí kò lọ sílẹ̀ mọ́, a lè sọ pé ó ti kún. Ẹ sì rí i dájú pé amp tó ń wọ bátìrì gangan lẹ ń wò, torí tí fíríìjì àti fáànù bá ń jẹ iná lọ́wọ́, amp tó ń jáde lára kọ́ńtírólà ti pọ̀ mọ́ tiwọn. Mítà tí wọ́n ń fi ẹnu ẹ̀ há wáyà, èyí tó lè ka DC, tí ẹ bá há a mọ́ wáyà bátìrì fúnra ẹ̀, òótọ́ ló máa sọ.

Amp ṣájà náà gbọ́dọ̀ tó. Fún bátìrì olómi, 10% sí 13% Ah báńkì ló dáa, ìyẹn 20A sí 26A fún 200Ah. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣi èyí gbọ́: bátìrì 200Ah mẹ́rin tí ẹ so ní tẹ̀lé-mi-n-tẹ̀lé-ọ (pọ́sítífù ọ̀kan mọ́ nẹ́gẹ́tífù èkejì) kó lè di 48V, 200Ah náà ló ṣì jẹ́, voltage ló pọ̀ sí i. Ìgbà tí ẹ bá tún so mẹ́rin míì sí ẹ̀gbẹ́ wọn ló máa di 400Ah, amp ṣájà gbọ́dọ̀ di 40A sí 52A nígbà yẹn. Àwọn tó ń fi sólà kékeré ṣáájì báńkì ńlá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn ni pé oòrùn á ti wọ̀ kí absorption tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí owó sólà míì, ẹ jẹ́ kí iná ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ ṣe bulk láàárọ̀ kùtù, tí amp púpọ̀ ń wọlé wọ̀ọ̀, kí sólà wá fi gbogbo ọ̀sán ṣe absorption tó lọ́ra, epo ò ní ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán ẹ jẹ́ kó kún pátápátá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí kò bá ṣeé ṣe lójoojúmọ́. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ lófìfo rí, bátìrì tó bá sinmi tó ń ka 12.2V ti lo ìdajì nìyẹn, kò yẹ kó máa lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ooru ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà á sí, ó sì ṣe pàtàkì. Gbogbo voltage tí mo kọ lókè yìí, 25°C ni wọ́n fi ṣe é. Tí bátìrì bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ voltage ṣáájì gbọ́dọ̀ dínkù, tó bá tutù ó gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, nǹkan bíi 0.005V lórí sẹ́ẹ̀lì kan fún 1°C kan. Ó dà bíi pé ó kéré, ẹ wá ṣe ìṣirò ẹ̀ wò: báńkì 48V ní sẹ́ẹ̀lì 24, tí bátìrì bá wà ní 35°C, 10°C ló fi ju ti ìwé lọ, 24 lọ́nà 0.005 lọ́nà 10 jẹ́ 1.2V. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lo 58.8V, 57.6V lẹ máa lò. Tí ẹ kò bá dín in, híhó lásán ni bátìrì á máa hó, omi á máa tán kíákíá. Kọ́ńtírólà tó bá ní sẹ́ńsọ̀ ooru á ṣe é fúnra ẹ̀, àmọ́ ara bátìrì ni kí ẹ lẹ sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ́, ẹ má fi sílẹ̀ kó máa fì dirodiro lára ògiri.

Wáyà náà kékeré ni mo máa sọ. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ (ọ̀wọ́ bátìrì tí a so tẹ̀lé ara wọn) méjì tàbí mẹ́ta lẹ so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, ẹ má fa pọ́sítífù àti nẹ́gẹ́tífù jáde láti ara ẹsẹ̀ kan náà, pọ́sítífù ní ìbẹ̀rẹ̀, nẹ́gẹ́tífù ní òpin, kí gbogbo wọn lè gba iná bákan náà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ti pọ̀ tó.

Ó wá kan hydrometer, ohun tí a fi ń wọn bí ásíìdì ṣe wúwo tó. Nǹkan yìí ò wọ́n, ó sì mọ òótọ́ ju gbogbo mítà alárànbarà lọ, tùbù gíláàsì lásán ni, rọ́bà tí à ń tẹ̀ wà lórí ẹ̀, nǹkan kan tó ń léfòó wà nínú ẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú kí ẹ tó ṣí ìdérí. Ẹ ti ẹnu ẹ̀ bọ inú sẹ́ẹ̀lì, ẹ fa ásíìdì sókè kí ẹ tún dà á padà bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí gíláàsì àti ásíìdì lè gbóná bákan náà, kí ẹ tó wá fa èyí tí ẹ fẹ́ kà. Ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán, kí ohun tó ń léfòó yẹn má fara kan ẹ̀gbẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá ojú ásíìdì dọ́gba, ẹ kà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dá ásíìdì padà sínú sẹ́ẹ̀lì tó ti wá, ẹ má dà á sínú òmíràn o. Ẹ má wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí i, omi tuntun ṣì wà lókè níbẹ̀, irọ́ ló máa pa fún yín. Tí ásíìdì bá gbóná ju 27°C lọ ẹ fi 0.004 kún un fún gbogbo 5.5°C tó fi jù ú, tó bá tutù ẹ yọ ọ́ kúrò.

Bátìrì tó kún máa ń ka 1.265 sí 1.280, ó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. 1.225 jẹ́ nǹkan bíi 75%, 1.190 jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Ká wá sọ pé ẹ ti ṣáájì tán, ẹ wọn sẹ́ẹ̀lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ rí 1.270, 1.265, 1.270, 1.230, 1.265, 1.270. Ẹ ti rí ọlọ́ra yẹn, ẹnì kẹrin ni. Èyí tó ga jù yọ èyí tó kéré jù jẹ́ 0.040. Tí ìyàtọ̀ bá ti ju 0.030 lọ lẹ́yìn ṣáájì tó pé, equalize ti tọ́ sí i. Àmọ́ tí gbogbo wọn bá ka 1.230 pọ̀, tí kò sí ẹni tó yàtọ̀, ìyẹn ò ní kí ẹ sáré lọ tẹ bọ́tìnnì equalize, ohun tó ń sọ ni pé ṣáájì yín ò tó, ẹ lọ fi wákàtí kún absorption ná kí ẹ padà wá wọ̀n ọ́n. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Tí ẹ bá sì rí sẹ́ẹ̀lì kan tó ka 1.120 nígbà tí àwọn yòókù wà ní 1.270, tí bátìrì 12V náà sinmi tán tó ń ka nǹkan bíi 10.6V, sẹ́ẹ̀lì yẹn ti kú, equalize ò jí òkú, ooru nìkan lẹ máa fi kó bá ara yín.

Ó ti wá tó equalize gangan. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ gáàsì. Bátìrì tó ń hó, omi ló ń pín sí méjì, hydrogen àti oxygen. Hydrogen yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, tó bá ti tó 4% nínú afẹ́fẹ́ yàrá, iná kékeré tó bá ta pàrá lásán ti tó láti jẹ́ kó bú gbàmù, bátìrì á fọ́, ásíìdì á fọ́n sójú ẹni tó bá dúró tì í. Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló máa ń gbà, abẹ́ àjà ló máa ń lọ kó jọ sí, torí náà ilẹ̀kùn tí ẹ ṣí nísàlẹ̀ nìkan ò tó, ihò gbọ́dọ̀ wà lókè tó máa gbà jáde. Ẹ ṣí wíńdò, ẹ lo fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti ìta, ẹ má lo èyí tó máa fa gáàsì gba inú mọ́tò ẹ̀ kọjá. Kò sí sìgá, kò sí àbẹ́là, kò sí ẹni tó ń jó irin nítòsí, kò sì sẹ́ni tó máa sùn nínú yàrá yẹn. Ẹ má tú wáyà kankan, ẹ má sì so ó, nígbà tó bá ń hó lọ́wọ́, ibẹ̀ gan-an niná ti máa ń ta. Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan orí bátìrì, ẹ pa ṣájà ná, ẹ dúró kí gáàsì fẹ́ lọ.

Òrùka, ṣéènì ọrùn, aago irin, ẹ bọ́ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, sípánà tó bá já lu orí méjèèjì bátìrì máa pọ́n yòò lójú ẹsẹ̀ ni, òrùka ọwọ́ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi téèpù yí ara sípánà yín ká, kó ku ẹnu ẹ̀ nìkan. Awò tó bo ojú yíká, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ tí ẹ ò ní sunkún ẹ̀ tó bá lu. Ẹ gbé omi tó pọ̀ sí tòsí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀. Tí ásíìdì bá ta sójú, ẹ la ojú sílẹ̀ kí omi máa ṣàn gbà á kọjá fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, ẹ má sọ pé ó ti rọlẹ̀. Baking soda wà fún ásíìdì tó dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò wà fún ojú, bẹ́ẹ̀ sì ni kò gbọ́dọ̀ kán sínú sẹ́ẹ̀lì rárá torí ó máa ba ásíìdì inú ẹ̀ jẹ́. Ọmọdé àti ajá, ẹ lé gbogbo wọn jáde.

Lẹ́yìn náà ẹ tú gbogbo ohun tó ń jẹ iná lára báńkì yẹn kúrò. Equalize fún 12V máa ń wà láàárín 15.5V sí 16.2V, 24V jẹ́ 31V sí 32.4V, 48V jẹ́ 62V sí 64.8V. Gílóòbù, ráúta, fíríìjì DC, wọn ò ṣe wọ́n fún irú voltage yìí, ọ̀pọ̀ ínfátà náà ò lè gbà á, àwọn kan á kàn pa ara wọn, àwọn míì á jó. Ẹ ka ìwé ínfátà yín kí ẹ wo voltage tó ga jù tó lè gbà, tí ẹ ò bá rí ìwé ẹ yà á sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ ínfátà yẹn fúnra ẹ̀ ni ṣájà tó ní bọ́tìnnì equalize, ìyẹn ò ní wàhálà, ohun tó kù lára wáyà lẹ máa yọ.

Omi: ẹ ṣí ìdérí, ẹ yọjú wò ó. Tí pléètì bá ti yọ lókè omi, ẹ bu distilled water sí i kó kàn bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí pléètì bá ti wà lábẹ́ omi tẹ́lẹ̀ ẹ má fi kún un, torí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó á kún sókè, á sì dà sílẹ̀ pẹ̀lú ásíìdì, ásíìdì tó bá sì ti dà lọ kì í padà. Omi ẹ̀rọ kò dáa, omi kànga kò dáa, omi inú ike tí à ń mu náà kò dáa, iyọ̀ àti irin inú wọn á ba pléètì jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ bu ásíìdì sí i kí nọ́ńbà hydrometer lè gòkè, omi ló ń fẹ́ lọ, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀, ara pléètì ló wà, ṣáájì ló máa mú un jáde. Ìdérí ẹ wá dé e padà, kó má baà máa ta ásíìdì wẹ́wẹ́, àfi tí ìwé bátìrì bá sọ pé ẹ ṣí i, àmọ́ ẹ rí i pé ihò kékeré orí ìdérí yẹn ò dí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣáájì báńkì yẹn kó kún bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó ń equalize bátìrì tó wà ní ìdajì, ooru ló máa pa á. Ìgbà tí absorption bá ti parí tí amp ti já wálẹ̀ ni kí ẹ wá tan equalize, kí ẹ sì dín amp kù, 5% Ah báńkì ti tó, ìyẹn 10A fún 200Ah. Àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí oorun wá gbé yín lọ. Voltage á máa gùn, tí ẹ bá tẹ́tí ẹ ó máa gbọ́ tó ń hó wuruwuru, àwọn tó ti kún lá kọ́kọ́ hó gan-an, ọlọ́ra á dákẹ́ jẹ́ẹ́ ná, òun náà á wá bẹ̀rẹ̀ tó bá yá. Ẹ ò ní fi í sílẹ̀ lọ síbì kankan.

Tó bá pé wákàtí kan ẹ pa ṣájà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé gáàsì lọ, ẹ wọn sẹ́ẹ̀lì ọlọ́ra yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ tún tàn án. Láti ibẹ̀ lọ ẹ máa wọ̀n ọ́n ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. 1.230 á di 1.240, á di 1.250, á lọ sí 1.260, á wá dúró. Tí nọ́ńbà kan náà bá jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn tí kò gòkè mọ́, ó parí, ẹ pa á, kódà tí kò bá tíì bá ẹgbẹ́ ẹ̀ tán. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, pléètì lẹ fi ń jẹ, grid pọ́sítífù (férémù òjé inú pléètì) á máa dípẹtà, àwọn nǹkan dúdú ara pléètì á máa já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹ máa wọn ooru náà. Tí sẹ́ẹ̀lì kankan bá dé 50°C ẹ pa ṣájà lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì lẹ máa tó parí ẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀.

Tó bá ti parí tó sì ti tutù, ìgbà yẹn gan-an la máa ń bu omi kún, distilled water, kó dúró ní nǹkan bíi 3mm sí ìsàlẹ̀ ọrùn ihò yẹn. Ẹ dé ìdérí pinpin, ẹ fi àkísà tí ẹ rẹ sínú omi baking soda nu orí bátìrì, ẹ fi omi lásán nù ún tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kó gbẹ, torí ásíìdì tó bá ṣẹ́kù lórí ẹ̀ á máa fa iná láti pọ́sítífù lọ sí nẹ́gẹ́tífù láì jẹ́ pé ẹ̀ ń lo nǹkan kan. Ẹ wo ojú kọ́ńtírólà bóyá ó ti padà sí ṣáájì ojoojúmọ́ kí ẹ tó dá ínfátà padà. Ìgbà tí ẹ bá sì wà níbẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣètò equalize tó ń dá ara ẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ kọ́ńtírólà ló ti tàn án láti ilé iṣẹ́ tó bá jẹ́ bátìrì olómi lẹ yàn, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń ṣe é, ọjọ́ tí ẹ bá wá pààrọ̀ sí AGM tí ẹ gbàgbé láti yí ibẹ̀ padà, bátìrì tuntun á wú bí búrẹ́dì. Èmi ò fẹ́ kó máa ṣe é fúnra ẹ̀ rárá, ẹ pa á, kí ó jẹ́ ọwọ́ yín lẹ fi ń tàn án nígbà tí ẹ bá wà nílé.

Ìgbà mélòó ló yẹ? Ẹ fi hydrometer wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, òun lá sọ fún yín. Bátìrì tó ń kún dáadáa lójoojúmọ́ lè lo oṣù mélòó kan kí ìyàtọ̀ ẹ̀ tó ju 0.030 lọ, èyí tó ń fi gbogbo ìgbà wà ní ìdajì á máa bèèrè ẹ̀ lóṣooṣù.

Sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣorí kunkun, tí ẹ ti ṣe gbogbo èyí tí kò kúrò níbi tó wà, ẹ má fi ìbínú bá a lò ó mọ́jú. Ẹ lo báńkì yẹn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bí ẹ ṣe ń lò ó, ẹ rí i pé ó ń kún, ẹ wá tún equalize lẹ́ẹ̀kan sí i, sulfate tó ti gan kì í tú lọ́jọ́ kan. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí kò sí ìyàtọ̀, bátìrì tó ní sẹ́ẹ̀lì yẹn ló máa jáde nínú báńkì kó tó kó bá àwọn yòókù. Ẹ má fi bátìrì tuntun dípò ẹ̀ sáàárín àwọn tó ti gbó, tuntun yẹn á kún ṣáájú wọn, á máa hó láìnídìí, kò sì ní pẹ́ tó máa bá wọn gbó, ẹ wá èyí tí ọjọ́ orí ẹ̀ àti Ah ẹ̀ bá tiwọn mu, tí kò bá sí, ẹ máa múra láti pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ pọ̀. Èyí tó kú yẹn, bó ṣe wà lódindi ni kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra òjé bátìrì láti yọ́ ọ ṣe tuntun, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má da ásíìdì inú ẹ̀ sí gọ́tà, ẹ má sì gbé e dùbúlẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ.